Òótọ́ Ń Bẹ Nínú Igbó

Gbólóhùn kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn agbẹjọ́rò, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, àwọn dókítà àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi títí tí kò ṣeé kà mọ́. Gbólóhùn náà ni pé: "Èmi kì í ka ìtàn iwin." Wọn kì í sọ ọ́ bí ẹni tí ó ń jẹ́wọ́ àléébù, bí ẹni tí ó ń ki ara rẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ọ̀kan ń fẹ́, ìtàn ìfẹ́ ni èkejì ń fẹ́, ìtàn ìgbésí ayé àwọn olóṣèlú ni ẹ̀kẹta ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti lè dárúkọ ìtàn-àròsọ mérìíyìírí, ìyẹn ìtàn tí ọmọ ènìyàn ti ń bá iwin wọ̀yá ìjà, tí ẹranko ti ń fọhùn, tí òkú ti ń bá alààyè dá májẹ̀mú, ojú gbogbo wọn a yí padà. Mo kọ àròkọ yìí láti bá wọn jà. Ìjà ọ̀rẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìjà ni.

Kí n tó na ìka sí ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Èmi náà ti wà nínú ẹgbẹ́ wọn rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, mo máa ń fa ìlà kan sójú pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ìlà tí ó ń ti ìsàlẹ̀ gòkè. Ní ìsàlẹ̀ ni mo ń kọ 1938 sí, ọdún tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde. Ní òkè ni mo ń kọ 1969 sí, ọdún Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, àti 1974, ọdún Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ohun tí mo ń fi ìlà yìí kọ́ wọn ni pé ìtàn-àròsọ Yorùbá dàgbà: ó kúrò nínú igbó, ó wọ ìlú, ó fi iwin sílẹ̀, ó mú ènìyàn. Ìlà náà dára lójú, ó sì rọrùn láti há sórí fún ìdánwò.

Irọ́ ni. Kí ni ó fi hàn pé irọ́ ni? Ọdún 1930 ni I. B. Thomas tẹ ìtàn ìgbésí ayé Sẹ̀gilọlá jáde ní ìwé, lẹ́yìn tí ó ti ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Ìgboro Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Obìnrin tí ó fi ẹwà rẹ̀ ṣe òwò, tí àìsàn sì wá sọ di ẹdun arinlẹ̀, ni ó ń sọ tẹnu rẹ̀. Kò sí iwin kankan níbẹ̀. Ìlú ni ó ṣáájú igbó nínú ìtàn-àròsọ wa, kì í ṣe igbó ni ó ṣáájú ìlú. Nígbà tí Fágúnwà fi máa kọ ìwé tirẹ̀, ọ̀nà ìgboro ti là. Bí ó bá wá yà sínú igbó, kì í ṣe pé ojú rẹ̀ kò tíì là. Ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ yà ni. Ìbéèrè tí ó yẹ kí n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà náà ni pé: kí ni ó rí níbẹ̀ tí kò rí ní ìgboro?

Ẹ jẹ́ kí a gbé ẹ̀sùn àwọn ọ̀tá ìtàn mérìíyìírí yẹ̀ wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀sùn kìíní ni pé kì í ṣe òótọ́. Èyí yà mí lẹ́nu púpọ̀. Ta ni ó ti pàdé Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Òkédìjí, ní ibùdókọ̀ rí? Àròsọ ni Lápàdé, gẹ́gẹ́ bí Àkàrà-oògùn ti jẹ́ àròsọ. Wọn a dá mi lóhùn pé ti Lápàdé lè ṣẹlẹ̀, ti Àkàrà-oògùn kò lè ṣẹlẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kì í ka ìtàn iwin yìí kan náà ni kì í mu omi ní òde ìnáwó kan. Òun ni ó ní kí wọ́n wá gbàdúrà sí ọkọ̀ tuntun kí òun tó fi ẹsẹ̀ kàn án. Òun ni kì í fi orúkọ ìlú tí ó ń lọ tó ará ilé bàbá rẹ̀ létí. Gbogbo ayé rẹ̀ kún fún ohun tí ojú kò rí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ìwé tí òun ń kà máa ṣe bí ẹni pé ohun tí ojú rí nìkan ni ó wà. Nínú àwa méjèèjì, ta ni ó ń sá fún òótọ́?

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gba iwin gbọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ kan wà tí ìtàn mérìíyìírí ń ṣe tí ìtàn ojú ayé kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó ń mú ohun tí ó wà nínú wa, ó ń gbé e jáde sí gbangba, ó ń fún un ní orúkọ, ẹsẹ̀ àti ohùn, kí a lè bá a jà. Nínú Àdììtú Olódùmarè, tí ó jáde ní 1961, Fágúnwà pe ìyá akọni ìtàn rẹ̀ ní Ìpọ́njúdìran. Ẹ tún orúkọ náà pè jẹ́jẹ́. Ìyà tí bàbá jẹ, tí ọmọ jẹ, tí ọmọ-ọmọ ń bọ̀ wá jẹ: onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé a máa fi odindi ìwé ṣàlàyé rẹ̀. Fágúnwà fi sọ ènìyàn lórúkọ, ó sì jẹ́ kí ó bí ọmọ. Láti ojú ewé náà lọ, a kò tún lè sọ pé a kò mọ bí òṣì ti ń rí.

Ẹ̀sùn kejì ni pé ìwé ọmọdé ni. Mo mọ ibi tí èyí ti wá. Ilé-ìwé ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ti pàdé Fágúnwà, lábẹ́ ìbẹ̀rù pàṣán, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò tí ó ní kí a dárúkọ àwọn ọdẹ tí ó lọ sí Òkè Lángbòdó. Ohun tí ènìyàn bá fi ìyà kọ́ ní ọmọdé, ó ń dùn mọ́ ọn láti gbàgbé ní àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ ṣí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Àkàrà-oògùn sọ fún wa pé àjẹ́ ni ìyá òun, àti pé bàbá òun ni ó pa á. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ pa ìyá rẹ̀ ni ó ń bá wa sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èwo nínú ìwé ojú ayé tí àwọn àgbàlagbà wa ń kà ni ó fi ọ̀rọ̀ tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀? Ọmọdé a ka ibẹ̀, a kọjá lọ wá ibi tí ìjà Àgbákò wà. Àgbàlagbà ni yóò dúró.

Àgbàlagbà náà ni ó sì lè bá ìwé náà jà bí ó ti yẹ. Nígbà tí Kàkò ń bá wọn lọ sí Òkè Lángbòdó, aya rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kò ní lọ. Kàkò pa á, ìrìn-àjò sì ń bá a lọ. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, n kò rí ohun kan níbẹ̀ ju agídí akọni lọ. Nísinsìnyí n kò lè ka ibẹ̀ kí inú má bí mi, kì í sì í ṣe sí Kàkò nìkan ni inú ń bí mi, sí òǹkọ̀wé náà ni, tí kò fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú òkú náà pẹ́ tó. Ìwé tí ó lè mú ẹni tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún bínú báyìí kì í ṣe ìwé ọmọdé. Ìwé tí ó tó bá jiyàn ni.

Ẹ̀sùn kẹta ni ti ẹ̀sìn, òun ni ó sì ń kó ìpayà bá mi jù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ìwé mìíràn rọ́pò eléyìí. Bàbá wa ní ìjọ ní kí n má ka ìwé tí irúnmalẹ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀." Mo ní kí ó dìde, kí ó jókòó. Mo bi í bóyá ó gbọ́ nípa Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́ rí. Ó ní ó wà nínú àpótí ìyá àgbà òun. Ìwé John Bunyan ni, tí àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ sí èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn bàbá ìjọ sì kà títí ó fi gbó. Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Ọkùnrin kan gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn, ó la àfọ̀ kọjá, ó bá ẹ̀dá burúkú abìyẹ́ jà, òmìrán kan tì í mọ́lé, ó dé ìlú tí wọ́n ti ń ta ohun asán. Bí èyí kì í bá ṣe ìtàn mérìíyìírí, n kò mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí òmìrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi lè wọ ilé Ọlọ́run, tí ti ilẹ̀ wa ní láti dúró sí ẹnu ọ̀nà?

Ohun tí ó tún mú kí ẹ̀sùn yìí yẹ fún ẹ̀rín ni pé Kìrìsìtẹ́nì gidi ni Fágúnwà. St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ ni ó ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ó sì ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Ìwàásù kún inú ìwé rẹ̀ débi pé, bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀tọ́ láti ráhùn, àwọn tí kò fẹ́ ìwàásù ni. Mo sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó sì gba ìwé mìíràn lọ. N kò borí lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn alátakò lè sọ, tí n kò ní lè jiyàn rẹ̀. Lẹ́yìn tí Fágúnwà là ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ènìyàn rọ́ tẹ̀ lé e, àwọn púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ohun tí wọ́n ń wá lọ sínú igbó. Ọdẹ gbéra, ó pàdé iwin, ó pa á. Ó pàdé òmíràn, ó tún pa á. Ó padà wálé, ó gba wa nímọ̀ràn. Ẹni tí ó bá ka mẹ́ta irú rẹ̀ tí ó sì sá, n kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìtàn ìfẹ́ tí kò dára pọ̀ ju èyí tí ó dára lọ, a kò tìtorí ìyẹn lé ìfẹ́ jáde kúrò nínú ìwé. Ẹni tí ó bá jẹ ọbẹ̀ tí ó kan, ọbẹ̀ náà ni kí ó dànù. Kí ó má dá ẹnu dúró.

Wàyí o, jíjà nìkan kò tó; ó yẹ kí n tọ́ka sí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè kà. Ìwọ tí o fẹ́ràn ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, mú ìwé tí Amos Tutùọlá kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, The Palm-Wine Drinkard. Má ṣe jẹ́ kí ìtìjú tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ní sí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ràn ọ́. Ọkùnrin kan ń wá adẹ́mu rẹ̀ tí ó ti kú. Ní ibi kọ̀ọ̀kan tí ó dé, ó ní ohun tí ó gbọ́dọ̀ san kí wọ́n tó sọ ibi tí ó kàn fún un. Kí ni èyí bí kò ṣe ìwádìí? Ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé arẹwà ọkùnrin kan kúrò lọ́jà. Bí ọkùnrin náà ti ń lọ ni ó ń dá ẹ̀yà ara tí ó háyà padà fún àwọn olówó wọn, títí ó fi ku agbárí lásán. Ẹni tí ó ń wá ọmọ náà lọ dúró ní ọjà, ó rí afurasí, ó di alángbá, ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ilé. Ọlọ́pàá wo ni ó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ? Bí o bá sì ti gbé ní ìlú tí àwọn ènìyàn ti ń háyà aṣọ, tí wọ́n ń háyà ọkọ̀, tí wọ́n ń háyà ẹni tí yóò máa kí wọn ní òde ìnáwó, ìwọ sọ fún mi bóyá ọkùnrin yẹn kì í ṣe aládùúgbò rẹ.

Ìwọ tí ìtàn ìfẹ́ ń fà mọ́ra, Àdììtú Olódùmarè ni tìrẹ. Òṣì lé Àdììtú wọ inú igbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n dúró de ìgbà tí òun àti Ìyúnadé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà síra wọn. Ìwọ tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú nìkan ni ó ń jí ọ lójú oorun, wá Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, ti 1954, kí o wọ ìlú Èdìdàrẹ́, ìlú àwọn òmùgọ̀, níbi tí Òmùgọ̀dìméjì ti jẹ ọba. Ìwọ tí o fẹ́ mọ bí a ti ń tún ìlú ṣe, padà sí Ògbójú Ọdẹ: ọba ni ó rán àwọn ọdẹ náà níṣẹ́ kí wọ́n lọ wá ohun tí yóò mú ire bá ìlú, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ni ó sì ní ẹ̀bùn tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò ní. Wálé Ògúnyẹmí rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Ìtàn yìí ni ó fi ṣe eré Langbodo tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ fún àlejò gbogbo ní FESTAC ní 1977. Orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun dé ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá àwọn tí ó gbéra ìrìn-àjò lè dé ibẹ̀ pọ̀. Ìbéèrè ọmọdé ha ni bí?

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ adájọ́. Ìwé ìròyìn àti ìtàn ìgbésí ayé àwọn ènìyàn ńlá nìkan ni wọ́n ń kà. Mo mú Ìrìnkèrindò lọ fún wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi ojú nìkan kà á. Kí wọ́n máa kà á sókè ní alẹ́, ojú ewé mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí wọ́n bá sì dé ibi tí ìwàásù ti gùn jù, kí wọ́n fò ó, Fágúnwà kò ní jí dìde wá bá wọn wí. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n pè mí lórí ẹ̀rọ. Wọn kò kí mi. Wọ́n ní, "Ọ̀mọ̀wé, Èdìdàrẹ́ yìí, mo mọ̀ ọ́n. Mo ti jókòó dá ẹjọ́ níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún." Títí di òní, wọ́n ṣì ń sọ pé ìwàásù inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti béèrè Igbó Olódùmarè lọ́wọ́ mi.

Kí ló dé tí mo fi ń dààmú ara mi? Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tí ó wu kálukú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti jókòó nínú kíláàsì mi rí kọ ìtàn mérìíyìírí kan ní èdè Yorùbá. Mo kà á, ó dára. Ilé ìtẹ̀wé tí ó gbé e lọ sọ fún un pé kí ó yọ iwin inú rẹ̀ kúrò, tàbí kí ó gé e kúrú fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àgbàlagbà kì í ra irú rẹ̀. N kò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Gbólóhùn tí ẹ̀yin ń fi yangàn, pé ẹ kì í ka ìtàn iwin, òun ni ó dé ọ́fíìsì yẹn ṣáájú ìwé ọmọkùnrin náà. Ìwé náà ṣì wà nínú àpótí.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ yín kò gbàgbé iwin o. Láti 1997 tí Harry Potter àkọ́kọ́ ti jáde ni wọ́n ti ń ka ìwé àwọn oṣó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àkàsùn. Ní 2018, Tomi Adéyẹmí, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, gbé Children of Blood and Bone jáde, ó fi àwọn òrìṣà wa àti èdè wa dá idán inú rẹ̀, ayé sì rà á. Mo yọ̀ fún un. Ó ṣe tirẹ̀. Àwa ni n kò yọ̀ fún. Àwọn ọmọ wa ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì wọ ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwa òbí, a sì ń sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan nínú ilé náà.

Èdè gan-an ń padánù níbẹ̀. Ìtàn ìgboro lè fi èdè ìgboro tó o. Ènìyàn a bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, a wọ ọ́fíìsì, a pe ẹnì kan lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àpèjúwe ohun tí ojú kankan kò rí rí, gbogbo èdè rẹ̀ ni yóò gbé dìde. Ibẹ̀ ni ràgàjì àti jàgídíjàgan, bìrìkìtì àti fìrìgbọ̀n, oríkì, ọfọ̀ àti èébú aláràbarà ti ń rí iṣẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ tí kò níṣẹ́, bí ènìyàn tí kò níṣẹ́ ni. Bó pẹ́ bó yá, yóò kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú. Ní kíláàsì mi, ní ọdọọdún, iye ọ̀rọ̀ tí mo ní láti túmọ̀ ń pọ̀ sí i.

Nítorí náà, n kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó fi ìwé tí ó fẹ́ràn sílẹ̀. Kí Lápàdé máa tọpa olè, kí àwọn olólùfẹ́ máa ja ìjà wọn. Ohun tí mo ń bèèrè kò ju ìwé kan lọ ní ọdún yìí, ojú ewé mẹ́wàá ní alẹ́, pẹ̀lú ohùn sókè. Bí o bá kà á tán tí o kò sì rí ojúlùmọ̀ kankan láàrin àwọn iwin náà, wá bá mi, n óò gba ìwé mi padà. Ṣùgbọ́n má ṣe tún sọ fún mi pé o kì í ka ìtàn iwin nítorí pé òótọ́ ni o ń wá. Òótọ́ ti wà nínú igbó láti ọjọ́ yìí. Ìwọ ni o kò wọlé.